Ìwádìí Lórí Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ Kékeré Láàárín Àwọn Òṣìṣẹ́ Rélùwéè

Nígbà tí a bá dárúkọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ńlá ni ọkàn wa máa ń lọ: mínísítà tí ó kó owó ìlú jẹ, tàbí ọ̀gá àgbà tí ó gba owó lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n àbẹ̀tẹ́lẹ̀ mìíràn wà tí kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan, tí ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì lójoojúmọ́, tí àwọn tí ń fúnni àti àwọn tí ń gbà á kò sì kà á sí nǹkan kan. Irú èyí ni ó ṣòro jù láti mú. Òun náà ni ó sì ṣòro jù láti ṣe ìdájọ́ rẹ̀ bí a bá mú un tán. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí iṣẹ́ rélùwéè ti gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ju mílíọ̀nù kan lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹjọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde sì wà ní àkọsílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà wọ́n.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, ọdún 1853, ni ọkọ̀ ojú irin kìn-ín-ní tí ó kó èrò ní ilẹ̀ náà gbéra láti Bombay, ìlú tí a ń pè ní Mumbai lónìí, lọ sí Thane. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 34 lọ. Lónìí, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Íńdíà kí ó sun oorun ọjọ́ méjì nínú rẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ibi oorun yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí ń rìn lóru, ẹni tí ó bá fẹ́ dùbúlẹ̀ ní láti gba ibùsùn sílẹ̀ kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé. Ibùsùn kì í tó àwọn tí ń wá a; nítorí náà, a óò kọ orúkọ àwọn tí kò rí gbà sí ìwé kan, wọn óò sì máa retí pé bóyá ẹnì kan kò ní wá. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti gbéra, òṣìṣẹ́ tí ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti kóòṣì kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Òun nìkan ni ó mọ ibùsùn tí ó ṣófo. Òfin sọ pé kí ó pín wọn bí orúkọ ti tẹ̀lé ara wọn, kí ó gba owó tí ó bá kù lọ́wọ́ èrò, kí ó sì já rìsíìtì fún un. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, ọmọdé ń sunkún, àgbàlagbà ń tòògbé lórí ẹrù rẹ̀. Ẹnì kan yóò fa òṣìṣẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò ki owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò ní pẹ́ tí ibùsùn yóò fi yọ. Rìsíìtì kò ní yọ.

Ta ni a jà lólè níbẹ̀? Rélùwéè pàdánù owó tí ó yẹ kí ó wọ àpò rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn wà tí kò mọ̀ rárá pé a ti rẹ́ òun jẹ: ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú lórí ìwé, tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́jú nítorí pé kò ní owó láti fúnni, tàbí nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ẹni tí ó san owó náà yóò sọ pé òun kò jalè, ìrọ̀rùn ni òun fi owó òun rà. Àwọn àgbà wa ti dá irú wọn lóhùn tipẹ́tipẹ́: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á fún un.

Ọ̀nà kejì fara sin ju ti ìṣáájú lọ, ṣẹ́ńjì sì ni. Èrò fún òṣìṣẹ́ ní owó ńlá, òṣìṣẹ́ ní kò sí owó kéékèèké lọ́wọ́ òun, ó ní òun óò padà wá bí òun bá yẹ àwọn kóòṣì yòókù wò tán. Ẹlòmíràn nínú wọn kì í padà wá mọ́. Èrò yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú rẹ̀, yóò sì gbàgbé. Ohun tí ó mú kí èyí le ni pé ojú kan náà ni olè àti olóòótọ́ ní níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ṣẹ́ńjì lọ́wọ́ ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá a pàdé níwájú.

Kì í ṣe àná ni ìjọba Íńdíà ti mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Ní 1953 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ J. B. Kripalani láti wádìí ìwà ìbàjẹ́ nínú iṣẹ́ rélùwéè, ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ ní 1955. Ní 1962, Lal Bahadur Shastri, tí ó ti ṣe mínísítà rélùwéè rí kí ó tó di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀ lábẹ́ K. Santhanam, èyí tí ó yẹ gbogbo iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wò. Láti inú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìwà ìbàjẹ́ ti jáde ní 1964. Rélùwéè pẹ̀lú ní ẹ̀ka aṣọ́ tirẹ̀.

Àwọn aṣọ́ wọ̀nyí ní ọ̀nà méjì pàtàkì. Ọ̀kan ni kí wọ́n já wọ inú ọkọ̀ lójijì, kí wọ́n sì ní kí aṣàyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì kó gbogbo owó tí ó wà lára rẹ̀ jáde. Wọn óò kà á, wọn óò fi wé àwọn rìsíìtì tí ó ti já. Bí owó bá ju ohun tí ìwé sọ lọ, wọn óò bi í pé níbo ni èyí tí ó lé ti wá. Ọ̀nà kejì ni pàkúté. Wọn óò kọ nọ́ńbà àwọn owó bébà kan sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, wọn óò sì kó wọn fún ẹnì kan tí yóò ṣe bí èrò lásán ní ojú fèrèsé tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bí owó náà bá wọ ibi tí kò yẹ, wọn óò yọjú. Nígbà tí ó bá jẹ́ àwọn ọlọ́pàá ni wọ́n dẹ pàkúté, wọ́n tún máa ń fi ìyẹ̀fun phenolphthalein pa owó náà lára. Ojú kò lè rí i lára owó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó gba owó bá ki ìka bọ inú omi tí a po sodium carbonate mọ́, omi náà yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ti mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ti ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Láti 2002 ni a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè Íńdíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn aṣàyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì sì ti ń lo ẹ̀rọ àmúlọ́wọ́ tí ń fi ibùsùn tí ó ṣófo hàn fún ọ́fíìsì bí ó ti ń fi í han òun fúnra rẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti rí ohun tí ó ṣófo, ó ṣòro fún ènìyàn láti fi pamọ́.

Ó dára, a ti mú òṣìṣẹ́ kan. Owó ti lé lára rẹ̀, èrò méjì ti kọ̀wé pé ó gba owó lọ́wọ́ àwọn. Èé ṣe tí a kò fi ní kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó máa lọ ilé rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń bèèrè bẹ́ẹ̀, inú sì máa ń bí wọn nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1950. Abala 311 rẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ ìjọba kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kí a já ipò rẹ̀ wálẹ̀ láìjẹ́ pé a ti wádìí, tí a ti sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, tí a sì ti fún un ní àyè tí ó tọ́ láti wí tẹnu rẹ̀. Àwọn ibi díẹ̀ wà tí a lè ti fo èyí, bí àpẹẹrẹ bí ilé ẹjọ́ ọ̀daràn bá ti dá a lẹ́bi ná. Ṣùgbọ́n ìlànà ni pé kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò ní rí èyí bí ohun àjèjì, nítorí a mọ ohun tí a ń pe ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ó sì dá a: àgbà òṣìkà.

Ní 1968 ni wọ́n ṣe òfin ìbáwí tí ó la ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Wọn óò kọ àwọn ẹ̀sùn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, àti orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí. Wọn óò fi gbogbo rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́, òun náà yóò sì fèsì ní kíkọ. Bí kò bá gbà pé òun jẹ̀bi, wọn óò yan olùwádìí kan. Níwájú olùwádìí yìí ni àwọn ẹlẹ́rìí yóò ti sọ̀rọ̀, tí òṣìṣẹ́ náà yóò sì ti bi wọ́n ní ìbéèrè lójúkojú. Lọ́yà kì í sábà yọjú níbẹ̀. Dípò rẹ̀, ó lè mú òṣìṣẹ́ rélùwéè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá láti ràn án lọ́wọ́. Mo ka apá yìí sí ọgbọ́n ńlá, nítorí ẹni tí ó ti ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ogún ọdún mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ẹlẹ́rìí ju lọ́yà tí kò jókòó sẹ́yìn fèrèsé náà rí lọ. Kí ìwádìí tó parí, olùwádìí fúnra rẹ̀ ní láti kó gbogbo ohun tí ó tako òṣìṣẹ́ náà síwájú rẹ̀, kí ó sì bi í pé: kí ni o rí sọ sí èyí? Lẹ́yìn náà ni yóò kọ àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá tí ó ní àṣẹ láti fi ìyà jẹni. Láti 1990 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti pàṣẹ pé kí a fún òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀dà àbọ̀ yìí kí ọ̀gá tó dájọ́, kí ó lè sọ ibi tí olùwádìí ti ṣì í.

Ìyà tí a lè fi jẹni pọ̀ ní irú. Ìbáwí lórí ìwé wà, dídá owó oṣù dúró kí ó má lọ sókè wà, jíjá ipò wálẹ̀ wà. Ó tún wà kí a yọ ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kí a lé e dànù. Àwọn méjì tí ó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ọ̀kan náà: ẹni tí a yọ ṣì lè rí iṣẹ́ ìjọba mìíràn ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí a lé dànù, ìlẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba ti tì mọ́ ọn lójú. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé, bí ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, àfi bí ìdí pàtàkì kan bá wà ní kíkọ, òfin sọ pé ọ̀kan nínú méjì yìí ni kí ọ̀gá mú. Òfin kò bèèrè pé èló ni. Rúpì 5 tó láti gba oúnjẹ ẹnu ọkùnrin kan àti ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Níwọ̀n bí ìyà náà ti wúwo tó yìí, báwo ni ẹ̀rí ti gbọdọ̀ wúwo tó? Nílé ẹjọ́ ọ̀daràn, a kì í dá ènìyàn lẹ́bi bí iyèméjì tí ó lọ́gbọ́n nínú bá ṣẹ́kù. Nínú ìwádìí ti ibi iṣẹ́, ohun tí a ń bèèrè kò le tó bẹ́ẹ̀: nínú ohun méjì tí ó lè jẹ́ òtítọ́, èwo ni ó jọ òtítọ́ jù? Ìdí tí wọ́n fi dín in kù kò ṣòro láti rí. Èrò ọkọ̀ kì í dúró. Ẹni tí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí ní òru òní, ní àárọ̀ ọ̀la ó ti wà ní ìlú rẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò mú un padà wá jókòó sí ọ́fíìsì nítorí owó táṣẹ́rẹ́.

Ní 1977, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ èyí ní gbangba nínú ẹjọ́ agbowó ọkọ̀ kan, ní ìpínlẹ̀ Haryana. Bọ́ọ̀sì ni tirẹ̀, kì í ṣe ojú irin, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan náà ni. Àwọn aṣàyẹ̀wò rí èrò 11 tí wọ́n ti san owó tí wọn kò sì gba tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn èrò náà tí ó wá jẹ́rìí. Ilé ẹjọ́ ní kò di dandan kí a máa sáré lé èrò kiri. Ọ̀rọ̀ aṣàyẹ̀wò tí ó wà níbẹ̀ tó láti gbé ìdájọ́ dúró. Agbowó náà pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan náà ti fi ààlà sí i. Ní 1963, nínú ẹjọ́ ẹnjiníà ìjọba kan tí wọ́n ní ó na owó bébà rúpì 100 tí ó ti ká pọ̀ sí ọ̀gá kan, àwọn adájọ́ sọ pé ìfura, bí ó ti wù kí ó lágbára tó, kò lè jókòó sí ipò ẹ̀rí, àní nínú ìwádìí ti ibi iṣẹ́ pàápàá. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1957, wọ́n ti bẹnu àtẹ́ lu ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún ọlọ́pàá kan. Nígbà tí ẹlẹ́rìí kan yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ọ̀gá tí ó jókòó bí adájọ́ dìde, ó jẹ́rìí tako ọlọ́pàá náà fúnra rẹ̀, ó sì tún padà jókòó láti dá ẹjọ́. Ohun ìbànújẹ́ ni pé ìbínú àwọn adájọ́ kò ṣe ọlọ́pàá náà láǹfààní, nítorí pé 1948 ni wọ́n ti lé e, Òfin Ìpìlẹ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà.

Ti akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì kan tí rélùwéè dẹ pàkúté fún dé iwájú wọn ní 2008. Ìwé ìlànà àwọn aṣọ́ rélùwéè fúnra wọn sọ irú ènìyàn tí ó yẹ kí ó ṣe ẹlẹ́rìí sí pàkúté: òṣìṣẹ́ onípò gíga, bí a bá lè rí i. Àwọn aṣọ́ ojú irin tí ipò wọn kéré ni wọ́n lò dípò wọn. Olùwádìí kò sì bi akọ̀wé náà ní ìbéèrè ìgbẹ̀yìn bí òfin ti là á sílẹ̀. Rélùwéè jiyàn pé ìwé ìlànà kì í ṣe òfin. Ilé ẹjọ́ gbà pé kì í ṣe òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí ó kọ ìlànà kò lè fojú fò ó pátápátá nígbà tí oúnjẹ ẹlòmíràn bá wà lórí rẹ̀. Akọ̀wé náà jàre.

Nísinsìnyí a ti dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí ṣẹ́ńjì kó sí wàhálà. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, ọdún 1988, aṣàyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí ó ń ti Dadar, ní Mumbai, lọ sí Nagpur. Àwọn aṣọ́ já wọlé. Wọ́n ní ó ti gba owó lọ́nà àìtọ́ lọ́wọ́ èrò mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ rúpì 50. Wọ́n ní rúpì 1,254 lé lára rẹ̀. Wọ́n ní kò gba rúpì 18 kan tí ó yẹ kí ó gbà lọ́wọ́ èrò, àti pé ó yí ohun tí a kọ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà. Ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Kò parí títí di ìgbẹ̀yìn 1995, ní 1996 sì ni wọ́n lé e dànù. Ọdún 8 ni ó wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n ka owó rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n lé e.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tú ìwé ìwádìí náà wò ní 2002, wọ́n rí i pé ẹ̀rí kò dúró. Nínú èrò mẹ́ta náà, ọ̀kan kò wá jẹ́rìí rárá, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè bi í ní ìbéèrè lórí ohun tí ó kọ. Àwọn méjì yòókù wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò gbe ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀. Ohun tí ó jáde níbẹ̀ ni pé ó ní òun óò padà wá dá owó tí ó kù fún wọn bí òun bá ti yẹ àwọn kóòṣì yòókù wò tán. Ìgbìmọ̀ náà wọ́gi lé ìjìyà rẹ̀. Rélùwéè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Bombay, wọ́n sì dá ìdájọ́ ìgbìmọ̀ dúró. Ẹjọ́ náà wà níbẹ̀ fún ọdún 15. Ní 2017, ilé ẹjọ́ náà dá rélùwéè láre.

Ẹlòmíràn lè ka ìtàn yìí kí ó sọ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlànà ni ó fà á, pé bí a bá dín wọn kù, ọ̀ràn rúpì 50 kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlànà tí mo ti kà sílẹ̀ níhìn-ín, oṣù díẹ̀ tó láti tẹ̀ lé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ìlànà kankan tí ó ní kí fáìlì sùn sínú àpótí fún ọdún 8, tàbí kí ilé ẹjọ́ gbé ẹjọ́ sí àpá kan fún ọdún 15. Bí ó bá sì jẹ́ olè ni ọkùnrin náà, ìfàsẹ́yìn kan náà ni ó jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ lọ láti 1988 sí 1996.

Ọ̀ràn náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá, ọdún 2025, àwọn adájọ́ méjì sọ pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀sùn náà tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì dá ìdájọ́ ti 2002 padà sí ipò rẹ̀. Wọ́n pàṣẹ pé kí rélùwéè san gbogbo owó tí ó tọ́ sí aṣàyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì náà láàárín oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àwọn ajogún rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìdájọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ti kú.